Omi Tí A Bù fún Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ Nígbà Ìyanṣẹ́lódì Wa

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí Àǹtí Ṣadé ti ilẹ̀kùn láàbù pa, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ìṣó ara ògiri níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ó ní, "Ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó ṣí i. Àwa ò ṣí i mọ́."

Bí ìyanṣẹ́lódì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ilé-ìwé gíga kan ní agbègbè Òmù-Àrán tí n kò ní dárúkọ. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kàwé lọ́wọ́, tí ẹ rò pé àwọn àgbà tó ti hu ewú ló ń ja ìjà òṣìṣẹ́. Kò tíì pẹ́ rárá tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán nígbà náà. Mo sì ń kọ ọ́ nítorí pé ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ tí mo bá wá ẹ̀bi náà láti fi ọwọ́ tọ́ ọ, n kì í rí ibi tó wà gan-an. Ẹ ní sùúrù fún mi bí àlàyé mi bá pọ̀ jù.

Àwa mẹ́ta là ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ láàbù nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lójì: bí a ṣe ń lo máíkírósíkópù, bí a ṣe ń la ẹran, bí a ṣe ń mọ ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ọkàn. Àǹtí Ṣadé, ọmọ Èsìẹ́, ni àgbà wa. Ràṣídì, ọmọ Òró, ni aláwàdà. Èmi Fúnmi, ọmọ Ìjàrà-Ìsin, ni àbúrò. Pátítáìmù ni wọ́n ń pè wá. Bí sáà bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pè wá. Bí ó bá parí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni fèrèsé. Olè ti wọ láàbù rí, ó sì kó máíkírósíkópù lọ, ni wọ́n bá kan gbogbo fèrèsé pa. Inú yàrá yẹn la ti ń lo fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran rà. Òórùn rẹ̀ a máa ta ojú, a máa ta ọ̀fun. A kò ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, a kò sì ní ìbọ̀wọ́. Ikọ́ mú Àǹtí Ṣadé, kò sì fi í sílẹ̀. Ó bá Ọ̀gá ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀ títí.

Ọ̀gá ní, "Ṣadé, tí a bá tú fèrèsé, olè ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan ni olè wá. Òórùn yìí ń wá lójoojúmọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò sì tú nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Àǹtí wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló ti ilẹ̀kùn.

Agbára kan wà lọ́wọ́ wa. Ìdánwò láàbù ku ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀lọ́ ààyè sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń tà á ní ìlú. Àwa pátítáìmù là ń lọ kó o ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, létí odò àti láàárín ebè iṣu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà títí kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní oje ẹ̀yìn rẹ̀ ń fọ́ ojú. Àmọ́ a ti kó ti ọ̀sẹ̀ yẹn ná. Wọ́n wà nínú àgbá tí a fi àwọ̀n bò lẹ́yìn láàbù, oòrùn sì ń mú.

A jókòó sábẹ́ igi kajú, a ń rò ó.

Ràṣídì ní, "Ẹ jẹ́ ká tú wọn sílẹ̀, ká lọ sùn."

Àǹtí ní, "Kí wọ́n wá ní a jí dúkìá ilé-ìwé? Ọlọ́pàá ni wọ́n á fi kó wa."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn nígbà náà. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti gbẹ bíi pańlá."

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Wọn ò ṣẹ̀ wá."

"Fúnmi! Ọ̀pọ̀lọ́ tí o máa la ikùn rẹ̀ ni ò ń ṣàánú?"

"Tí a bá fẹ́ là wọ́n, a máa ń fi oògùn kùn wọ́n lóorun kí wọ́n má mọ ìrora. Ikú inú àgbá gbígbóná yìí yàtọ̀."

Àǹtí Ṣadé gbà pẹ̀lú mi. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ la ń bá jà. Máa bu omi wọ́n wọn."

Ràṣídì wárí fún mi. "Ó dáa, Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Má gbàgbé láti kọrin fún wọn o."

A jọ rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mo ń gbé garawa omi lọ sẹ́yìn láàbù, inú mi sì dùn, mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni à ń fi jà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ kan gbé àwọn olùkọ́ láàbù wá láti ìlú mìíràn. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, wọ́n ṣí àgbá. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń fò, ara wọn ń dán. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o!" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dúpẹ́ ni. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n dorí kodò. Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ràṣídì kò wò mí. Ó kàn ní, "Omi náà ti ṣiṣẹ́."

Ìdánwò parí, agbára wa sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n tú fèrèsé, wọ́n sì gbé páálí ìbọ̀wọ́ wá. Wọ́n ní fáànù ń bọ̀. Nígbà tí sáà tuntun dé, wọ́n pe Ràṣídì, wọ́n pe èmi. Wọn kò pe Àǹtí Ṣadé. Ẹ kíyè sí i: wọn kò lé e. Ẹnikẹ́ni kì í lé pátítáìmù. Wọ́n kàn kì í pè é mọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi. Òṣìṣẹ́ kan ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ kí n gba ipò náà, iṣẹ́ títí ayé.

Mo ní, "Sà, Àǹtí Ṣadé ló tọ́ sí."

"Ṣadé fẹ́ ba ìdánwò jẹ́. Ìwọ lo gbà á là. Mo máa ń rí ọ láti ọ́fíìsì mi pẹ̀lú garawa rẹ."

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ pinnu ẹ̀, sà."

"Ìwọ ni mo rí."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ni ilẹ̀ tútù yìí dé bá. Ẹni tó ní kí n da omi ló wà lórí ilẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, ó ti ń dúpẹ́ kí n tó sọ tán. Ó ní, "Ọlọ́run gbé e wá, ṣé kí n bá ọ sọ fún un pé kó gbé e padà?"

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbàjà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí Àǹtí ti ń kọ́ni báyìí ní ilé-ìwé girama kan. Ikọ́ rẹ̀ ti dínkù. Ó fi mí han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan: "Fúnmi nìyí. A jọ jà ni." Ojú tì mí débi pé mo gbé omi tó fún mi kalẹ̀ láìmu. Mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i nípa àwọn ọ̀pọ̀lọ́.

Ó ní, "Èmi ni mo ní kó o ṣe é. Ká ní a jẹ́ kí wọ́n kú, bóyá Ọ̀gá ì bá wá bá wa. Mi ò mọ̀. Fáànù ńkọ́, ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé, mà."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé o."

Mo padà sílé láìsọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo bá lọ.

A jèrè fèrèsé àti ìbọ̀wọ́. A pàdánù ẹni tó bá wa bèèrè wọn. Wọ́n ṣì jẹ wá ní fáànù, èmi náà sì jẹ ẹnìkan ní òtítọ́. Bí mo bá gba iṣẹ́ náà, mo lè wà níbẹ̀ láti máa bèèrè fáànù, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé owó ọ̀yà ìjà tí a pàdánù ni mo gbà yẹn. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á fi ẹni tí kò mọ nǹkan kan síbẹ̀, Àǹtí kò sì ní padà. Bí mo bá sì lọ bi í léèrè, mo mọ̀ ọ́n: á ní kí n gbà á, á sì tún di pé òun ló ru ìpinnu mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀gá fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́kọ́ padà lọ bi Àǹtí ní Ìgbàjà ni, àbí kí n dá ìpinnu yìí ṣe, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ fún Àǹtí lẹ́yìn náà?