Nígbà Tí Mo Sọ Pé N Kò Mọ Dùùrù Tẹ̀ Mọ́

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sókótó, bí wọ́n bá yin ẹni tó tẹ dùùrù, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Ọlọ́run ló ni ògo." Ẹni tó bá dáhùn pé "Ẹ ṣé" lásán, wọ́n á wò ó bí ẹni tó wọ bàtà gun orí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀, tí ojú mi ń wo ilẹ̀, tí inú mi sì ń dùn. Ìyàwó mi nìkan ni kì í jẹ́ kí ó pẹ́ lára mi. Bí a bá ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé ní Mabera, á rọra bi mí pé:

"Èyí tó ké bí ewúrẹ́ ní ẹsẹ kẹta yẹn ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ló ni ògo ìyẹn náà?"

Èmi á ní dùùrù ló ti gbó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dùùrù tó ń dúró de ẹsẹ kẹta kó tó gbó."

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. N ó jókòó, n ó mọ orin tí wọ́n pè, àmọ́ láàrin orin n kò ní mọ ibi tí mo dé. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo tẹ orin ẹlẹ́sẹ mẹ́rin, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ nígbà tó parí. Kí ojú má baà tì mí, gbogbo ìjọ padà sí ẹsẹ àkọ́kọ́, wọ́n tún un kọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tò wá bá mi. "Dádì, Ẹ̀mí gbé yín lónìí o!" Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ burú sí i ni ìyìn ń pọ̀ sí i. Opó ọkùnrin kì í ṣi orin tẹ̀.

Ǹ bá fara mọ́ ọn, àmọ́ ìsìn ìrántí ọdún kan ìyàwó mi ti ń bọ̀. Dùùrù wa kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ti kẹ̀yìn sí gbogbo ènìyàn. Nígbà ìsìn ìdágbére, kí a tó gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà ni mo tẹ dùùrù, torí wọ́n ní ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe èmi. Wọ́n gbé pósí gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e ni mo gbọ́. N kò rí i. Fún ìsìn ìrántí yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n jókòó láàrin ìjọ bí ọkọ.

Mo lọ bá pásítọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ mọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sí i lójú. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ó fi mí ṣe ìwàásù. "Ẹ̀yin ará, bàbá tó ń tẹ dùùrù kí àwọn kan nínú yín tó mọ ọ̀nà ilé Ọlọ́run yìí wá bá mi, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n tẹ̀! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo tẹ orin tó tẹ̀lé e bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọbìnrin tí èmi fúnra mi kọ́ ní dùùrù, pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìrántí náà. Ó kúnlẹ̀. "Háà, Dádì! Èmi tí n kò tó ọmọ ẹ̀yìn yín? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo gba àga lábẹ́ bàbá mi." Ìrẹ̀lẹ̀ ti dí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì.

Aládùúgbò mi, Àlùhájì kan láti Ìlọrin tó ń ta táyà ọkọ̀, tó ń pè mí ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe, ni mo ròyìn fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà.

"Haba, Tíṣà! Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí! Bí mo bá ní táyà mi kò dára, oníbàárà á ní mo ń fi èyí tó dára pa mọ́ fún ẹlòmíràn ni, kò ní kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Sókótó, á ní òun ń bọ̀. Wallahi, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ lọ ṣe fáàrí."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Dádì, ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni mo wí. "Èmi náà gbọ́ ọ. N kò rò pé ẹnikẹ́ni wà ní ìlú yìí tó lè tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ti la ẹnu láti ṣe àmín. Ẹnu náà wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn yìn mí. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó sọ ọ́. Ẹni kẹta kò yìn mí mọ́, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn alàgbà wá sílé. Wọ́n mu omi, wọ́n wo àwòrán ìyàwó mi lára ògiri, wọ́n wúkọ́. Èyí tó dàgbà jù ní, "Dádì, ọ̀fọ̀ máa ń yí ènìyàn lórí. Ìjọ ní kí ẹ sinmi díẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn á máa tẹ̀ ẹ́. Kí ìgbéraga má baà ba iṣẹ́ yín jẹ́ ni."

Mo tẹrí ba. Mo ní mo gbà.

"Ẹ ò rí i," ni èkejì sọ sí i létí, "ọkàn wọn ti ń rọ̀."

Mo yára fi kún un pé ìjọ kò ní pẹ́ mọ ìyàtọ̀. Ojú wọn tún le, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìn ìrántí, mo jókòó sí ìlà iwájú, Ìyá Ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn kò tíì yọ́nú sí mi tán. Nọ́ọ̀sì ṣi ohùn kan tẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Àwòrán ìyàwó mi wà níwájú, mo sì kọjú sí i bí gbogbo ènìyàn ṣe kọjú sí i. Wọ́n pe orin tó fẹ́ràn jù. Mo dìde, mo kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, mo sì rí i pé n kò mọ èyí tó kù. Ohùn orin ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá. N kò wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Ìyá Ìjọ wò mí. Wọ́n sún ìwé orin wọn sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé. Ìka náà ń lọ, mo ń tẹ̀ lé e. Níbi kan, ohùn mi já. Ìka náà dúró dè mí. Ìjọ kọ ẹsẹ kẹta, wọ́n kọ ẹ̀kẹrin, wọ́n jókòó. Àwa méjì ṣì dúró sí ẹsẹ kejì.