Ìwé Tí N Kò Lè Tà Kí Aunty Tó Dé

Ẹni tó bá rí Aunty Hàlímọ̀tù nínú bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, ní London, láàárọ̀ kò ní wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ìborùn dúdú, bàtà funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ojú tó ń tòògbé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú aláìsàn lóru ní ọsibítù kan ní Lewisham. Ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tiwa ní Aylesbury Estate. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Mọ́mì mi bá lọ síṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń jókòó sí, ẹ̀yìn ìwé shift wọn tó ti kọjá ni mo sì fi kọ́ ara mi ní àwòrán yíyà. Wọ́n á na bébà sí mi, wọ́n á ní, "Ìyanu, ya ohun tó bá wù ẹ́, má ṣáà ya ògiri mi."

Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn ni mo yà nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìwé kọ́míìkì mi àkọ́kọ́. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, òru kan péré ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní, "Èmi ni màá kọ́kọ́ kà á o, kí ẹnikẹ́ni tó rà á." Mo ṣèlérí.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìtẹ̀wé, Aunty sì ti lọ síṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjà àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe kọ́míìkì, ní gbọ̀ngàn kan ní Peckham. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ní tábìlì tèmi! Mo tilẹ̀ ya fọ́tò tábìlì náà kí n tó gbé ohunkóhun lé e.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, èrò ti kún. Obìnrin kan nawọ́ sí ìwé mi.

"Ẹ má bínú, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á."

Boaz, ọmọ Yorùbá tó ń ta kọ́míìkì ẹyẹlé ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi, yíjú sí mi. "O gba tábìlì, o ò tajà? Ṣé museum lo ṣí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí Aunty máa gbà wọlé láti ibi iṣẹ́. Bí Aunty bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ ni màá kó padà sílé.

Aago mọ́kànlá ti kọjá kí wọ́n tó wọlé tàwọn taṣọ iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ń fìka tọ àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró.

"Ṣé bí imú mi ṣe rí nìyí?"

"Aunty, yíǹkì ló fẹjú díẹ̀."

"Yíǹkì kọ́. Imú bàbá mi nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti di ọwọ́ bàbá arúgbó kan mú títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n yẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Ìyanu, orúkọ mi dà?"

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, "Aunty" nìkan ni mo kọ. Ta ni mo jẹ́ tí màá gbé orúkọ àgbà sójú ìwé gbàǹgbà?

"Aunty, mi ò lè pè yín lórúkọ."

"Ó dáa. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń pè mí ní Nurse, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ní mọ́ṣáláṣí, Ìyá Habeebullah. Lọ́dọ̀ ìwọ, Aunty. Ta ni yóò wá mọ̀ pé èmi ni mo di ọwọ́ bàbá yẹn mú?" Wọ́n nawọ́. "Fún mi ní bírò. Èmi ò ní kúnlẹ̀ fún ara mi."

Ẹ̀rín pa Boaz. Aunty jókòó sórí àga mi, wọ́n kọ ọ́ síwájú ìwé náà gàdàgbà: Hàlímọ̀tù Ọládipúpọ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ nawọ́ sí ìwé mi ti padà dé. Wọ́n na ìwé sí i. "Ẹ lè rà á báyìí. Èmi nìyí."

Kíá, àwọn èèyàn ti tò. Ẹni inú ìwé ló ń fọwọ́ síwèé! Boaz náà tò. Èmi ń ṣí ìwé, Aunty ń kọ orúkọ, oorun ń gbé wọn, wọn ò dìde. Nígbà tó ku ẹyọ kan, wọ́n kọ tiwọn, wọ́n na bírò sí mi kí n kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́.

Wọ́n ki ìwé náà bọ báàgì. "Èyí ń lọ sí wọ́ọ̀dù lálẹ́ yìí."

"Aunty Hàlímọ̀tù," mo ní, "ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."