Ọjọ́ Keje Tí Mo Fọwọ́ Sí

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi ní Adó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ti lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà. Lọ́dún tí mo parí yunifásítì, iye yẹn á kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ní Ìkọ̀lé, á sì ṣẹ́kù. Mọ́tò tó ń gbé mi lọ ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni nígbà yẹn, a sì máa ń bá dírẹ́bà jà pé ó pọ̀ jù.

Àrùn jẹjẹrẹ tó ń ṣe àwa àgbà ọkùnrin lábẹ́ àpò ìtọ̀ ni abẹ́rẹ́ náà wà fún. Họ́mónù tó sọ mí di ọkùnrin ló ń pa, kí àrùn má baà rí oúnjẹ jẹ. Irùngbọ̀n mi ti fẹ́lẹ́, àyà mi ti rọ̀, ooru sì ń dédé bò mí bí ó ti bo ìyàwó mi nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ni mo kà. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n ló ń dùn mí.

Ó ku ọdún kan kí n parí nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, tí mo sì wà nílé fún ìsinmi. Ní ilé wa nígbà yẹn, ọjọ́ keje ni a ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí náà gbé ọmọ wá síwájú bàbá mi, ó ṣí aṣọ, ó ní ohun tí òun rí kò tó ti ọkùnrin, ó sì ju ti obìnrin lọ. Ó ní kí a fi í sí ọjọ́ kẹjọ, kí a fún un lórúkọ tí takọtabo ń jẹ́.

“Ọmọ yìí ò tíì sọ tinú ẹ̀ fún wa. Ẹ ṣe sùúrù fún un.”

Bàbá mi kọjú sí mi. “Akọ̀wé, ìwọ tí ò ń la inú ọ̀pọ̀lọ́ wò níléèwé. Keje ni àbí kẹsàn-án?”

Mo wo ọmọ náà, n kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní obìnrin ni, ohun tí ìyá rí kò ju ara wíwú lọ, yóò fà. Mo tún ní ẹni tó bá rí ìkejì ìbejì náà kó mú un wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ká aṣọ rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ keje, wọ́n fún ọmọ lórúkọ tí ọkùnrin kankan kì í jẹ́.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó wà níléèwé àwọn obìnrin nítòsí Ìfàkì, nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọyàn kò yọ. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, ohun kékeré tí mo ní yóò fà sì ń dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti fá irùngbọ̀n?”

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Dókítà ní X àti Y ló wà lára rẹ̀, bí ó ti wà lára mi. Kórópọ̀n rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ó sì ti ń ṣe họ́mónù ọkùnrin láti inú oyún. Àmọ́ ohun kan wà nínú ara tó ń sọ họ́mónù yẹn di èyí tó lágbára, tó ń mọ nǹkan ọkùnrin síta kí a tó bí ọmọ. Jíìnì, ohun àjogúnbá tó ń ṣe é, ti bàjẹ́, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ̀. Nígbà tí ìbàlágà dé, họ́mónù pọ̀ débi pé ó ṣe iṣẹ́ tí kò rí ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ọmọ.

Ó bi mí pé, “Ọkọ mi, ṣé nǹkan tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún rẹ̀ ni?”

Mo ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Kò bú mi. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé ọkùnrin lòun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí n pe ẹbí jọ, kí n ní èmi ni mo ṣì í, kí wọ́n tún òun sọ lórúkọ, kí òun lè máa gbé ilé bàbá òun bí ọmọkùnrin.

“Bùọ̀dá, bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á gbà. Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́.”

Mo ti di olùkọ́, wọ́n sì fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá iléèwé. Mo ní kó di Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, mo ní kó di Àjíǹde. Bàbá mi ń pè é ní èpè, ẹ̀gbọ́n mi ń mú un kiri orí òkè àdúrà, mo sì ń bá wọn jẹun. Kí Àjíǹde tó dé, ó wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó wọkọ̀ ní oríta Ìfàkì. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ fún bàbá mi pé èmi ni mo ṣì í.

Ó bi mí pé, “Ta lo wá ń sọ ọ́ fún?”

Nínú àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ ọmọ náà, ìyá agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìdó, lójú oorun. Ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ó ń gbé ní Òyé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, bí ọkùnrin bá sì kí i, á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Èmi náà wà. Ti ọmọ yẹn, á ti máa lọ sí àádọ́ta ọdún, bí ó bá wà. N kò mọ ibi tí n ó kà á sí, nínú òkú ni tàbí nínú alààyè.