Ẹyin Dáínósọ̀ Lórí Àjà Màámi

Òórùn púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n ṣù róbótó, tó ń gbẹ lórí iná kì í fi aṣọ ènìyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí mo bá ń kọjá lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ṣe é ní Ọ̀rẹ̀ níbí, tí èéfín yẹn bá kàn mí nímú, ìdí iná ìyá ọkọ mi ni ọkàn mi máa ń padà sí, àti ọdún tí ọmọbìnrin mi fẹ́ pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní màmá. Ó ń gbọ́ràn o. Bí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè lójú títì, á fọwọ́ di etí. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá tutù tàbí tó rọ̀. Ìbáà ṣe ẹ̀bà, ìbáà ṣe ọṣẹ, á ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, á máa wò ọ́ bí ẹni pé o fẹ́ lù ú.

Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi pé kí n máa wá oríṣiríṣi nǹkan tó máa fọwọ́ tẹ̀, tó máa fọwọ́ fọ́, kí ara rẹ̀ lè yọ̀ mọ́ nǹkan. Màámi, ìyá ọkọ mi, ní èrò tirẹ̀. Aládùúrà pọ́ńbélé ni. Ó ní bí wọ́n bá ká kòkó tán tí ọmọ náà kò sọ̀rọ̀, òun á gbé e lọ sí ilé àdúrà àwọn ní Àgọ́ Aláyè, ibẹ̀ ló sì máa gbé títí Ọlọ́run á fi tú ahọ́n rẹ̀. Mo pe ọkọ mi, awakọ̀ tí kì í gbélé. Ó ní, "Ohun tí Màámi bá ní ká ṣe náà la máa ṣe." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ilé ọkọ ni mo wà, kí ni mo tún fẹ́ wí?

Orí fóònù yẹn náà ni mo ti rí obìnrin kan tó ń ṣe ẹyin dáínósọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìwọ náà mọ dáínósọ̀, àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tó jọ alángbá, tí kò sí mọ́. Oníke kékeré ni tirẹ̀. Ó fi ìyẹ̀fun pípò bò wọ́n, ó ṣù wọ́n, ó sá wọn gbẹ, ọmọ wá ń fọ́ wọn pẹ̀lú ọwọ́ tútù, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ra tèmi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ní gáréèjì. Màámi ti fún mi ní díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ tó rẹ, tó sì ti fún gbẹ, kí n fi se ohun tó bá wù mí. Òun ni mo lò. Mo fi dáínósọ̀ kọ̀ọ̀kan sí àárín, mo ṣù wọ́n róbótó, mo sá wọn sórí àtẹ nínú oòrùn, mo pọn ọmọ lọ sọ́jà. Mò ń kọrin lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣù púpurú náà nìyẹn. Nígbà tí mo padà dé, àtẹ ti ṣófo. Màámi rò pé òun ló gbàgbé wọn síbẹ̀, ó ti kó wọn mọ́ tirẹ̀ lórí àjà, lókè iná. Mo ní, "Màámi, ìṣeré ọmọ ni wọ́n o." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀gẹ́ náà ti di ìṣeré?" Ó ti kọjú sí iná kí n tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, mo gun àpótí, mò ń gbé wọn mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ti dúdú bákan náà, kò sì sí èyí tó dún.

Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ, àwọn arábìnrin ìjọ rẹ̀ wá bá a họ èèpo wọn. Ọ̀kan fọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan sì jáde. Iná ti yọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti lọ́ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là. Èmi tí mo rà á gan-an, ẹ̀rù bà mí.

"Ìṣeré ọmọ ni," mo ní.

Màámi wò mí. Kò pariwo. "Ta ní í fi alángbá sínú oúnjẹ ṣeré?"

Mo na fóònù sí wọn kí wọ́n lè rí obìnrin yẹn, àmọ́ gbogbo wọn ti dijú, àdúrà ti wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀kan da omi àdúrà lé nǹkan náà lórí, púpurú tó fọ́ yí i ká sì di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi gba àárín ẹsẹ̀ wọn wọlé. Ó lóṣòó. Ó ti ọwọ́ bọ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ yẹn, ó mú dáínósọ̀ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni ojú mi là sílẹ̀. Mo fẹ́ kígbe pé ẹ wò ó, ọmọ tí kì í fọwọ́ kan omi ẹ̀kọ. Ariwo àdúrà bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lajú, ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ náà ti di ohun burúkú mú, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀.

Wọn ò dúró de kòkó mọ́. Ọ̀kadà gbé Màámi àti ọmọ mi lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dáínósọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí wọn ò rí i gbà. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo di bàtà rẹ̀ kan tó bọ́ mú. Ó dùn mí débi pé n kò lè sunkún.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti wá wò ó, ẹ̀yìnkùlé ilé àdúrà ni mo bá wọn. Màámi ti ká apá sùtánà rẹ̀ sókè, ọpọ́n ẹ̀gẹ́ tútù wà níwájú rẹ̀. Ó fi dáínósọ̀ yíyọ́ yẹn sí àárín, ó ṣù ú, ó gbé e fún ọmọ. Ọmọ fọ́ ọ, ó dá a padà fún un. Ó tún ṣù ú.

"Kì í sunkún bí mo bá ń ṣe báyìí," Màámi ní, kò gbójú sókè.

"Ọ̀rọ̀ ńkọ́, Màámi?"

Ó gbé e fún ọmọ. "Kò tíì sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, ìyàwó mi."

Títí di òní, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màámi yẹn ló mú ìbínú kúrò nínú mi. Mo ti rò pé èmi nìkan ni apá mi kò ká a nínú ilé yẹn. Mo jókòó tì í, mo bọ́ òrùka ọwọ́ mi, mo ti ọwọ́ bọ ọpọ́n.