Dígí Tó Kun Lékeléke

Ìròyìn tó gba àdúgbò kan lọ́sẹ̀ náà ni pé Dígí tó ń kun mọ́tò ti ń mú lékeléke, ó ń fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn olówó bí odídẹrẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé òpópónà kejì, àwọn lékeléke ọ̀hún ti ń kí èèyàn káàárọ̀. Kó tó dé ìkẹta, ọ̀kan nínú wọn ti bá onílé jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gbá àgbàlá, ó sì ti borí.

Ẹ má fi ẹ̀rín pa mí. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ ni.

Wọ́n ń pè é ní Dígí nítorí pé mọ́tò tó bá kùn máa ń dán débi pé bàbá kan ti fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Mo mọ ẹnì kan tó rí ara rẹ̀ lára mọ́tò tí Dígí kùn, tó kí onítọ̀hún, tó sì dúró títí kó dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ilé onílé, létí àbàtà, lábẹ́ igi ọ̀dán ńlá kan, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Orí igi náà sì ni lékeléke máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí lọ́dọọdún. Ìgbẹ́ wọn ń rọ̀ bí òjò. Bí o bá wọ ẹ̀wù dúdú wọlé síbẹ̀, ti funfun lo máa wọ̀ jáde.

Akunmọ́tò mìíràn ì bá ti ránṣẹ́ pe agégi tipẹ́. Ti Dígí yàtọ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń po ọ̀dà funfun, kò sì tíì rí èyí tó tó funfun ẹyẹ yẹn. Á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, á gbójú sókè, á ní, "Ó ku díẹ̀ káàtó, èmi yìí."

Bí onílé ṣe ń halẹ̀ pé òun á gé igi náà, Dígí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ní iwájú ilé, àti Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n forí korí. Wọ́n ṣe àdéhùn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì mọ́tò sínú àbàtà mọ́. Àǹtí Aránṣọ rán àwọn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó pọ̀, wọ́n so ó sábẹ́ àwọn ẹ̀ka, kí ọmọ ẹyẹ tó bá já bọ́ má baà kú. Láràárọ̀, Fọkanáísà á gbé àkàbà, á dá àwọn tó já bọ́ padà sínú ìtẹ́. Dígí ní tirẹ̀ ṣèlérí pé òun ò ní fín ọ̀dà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà. Inú ṣẹ́ẹ̀dì ni òun á máa ṣe é.

Òjò ńlá wá rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, onílé jókòó ti mọ́tò pupa rẹ̀, ó ń kánjú.

"Dígí, ṣé ò ń kun ọkọ̀ mi ni àbí ò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

"Ẹ ní sùúrù, sà. Mọ́tò tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé kò sí ibòòji lábẹ́ igi ni?"

Dígí wo igi. Ó wo ojú onílé. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó ti mọ́tò sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ó sì tan ẹ̀rọ tó fi ń fín ọ̀dà. Kò gbójú sókè.

Òjò ti já ọmọ lékeléke méjì bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì. Táyà tírélà kan sì ti dá Fọkanáísà dúró, kò tíì gun àkàbà. Ọ̀dà tó ń fẹ́ gba ojú nẹ́ẹ̀tì kọjá bí èéfín, ó sì bà lé wọn.

Nígbà tí Dígí rí wọn, ó sáré gbé wọn kúrò nínú nẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà á bó wọn lára, òróró ló fi ń nù wọ́n. Ọ̀kan kú sí i lọ́wọ́. Èkejì yè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e padà sókè, ìyá rẹ̀ ò fún un lóúnjẹ. Àǹtí Aránṣọ gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi tata bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni oníbàárà kan ti rí ohun pupa tó ń rìn lábẹ́ máṣíìnì.

"Kí lèyí?"

"Odídẹrẹ́ ni," ni Àǹtí wí. Ojú ló ń tì í nítorí àbúrò rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ mà gùn o!"

"Odídẹrẹ́ òkè òkun ni."

Ó tán. Ìròyìn gbéra.

Inú onílé dùn dé gongo. Ó pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá, ó ní, "Àwọn tó ní àwọn ń dáàbò bo ẹyẹ, ọjà ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Lọ́la, igi yìí á wó." Ìtẹ́ lókè sì kún fọ́fọ́ fún ọmọ tí kò tíì lè fò.

Fọkanáísà fò dìde. "Irọ́ ni! Dígí ò fọwọ́ kan ẹyẹ kankan. Èyí tó kú, àìsàn ló pa á."

"Ẹnì kan ló fún mi ní odídẹrẹ́ mi," ni Àǹtí tún gbè é.

Dígí dìde. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kì í ṣe odídẹrẹ́, lékeléke ni. Mi ò tà á, ṣùgbọ́n èmi ni mo kùn ún."

"Mọ́tò ta lò ń kùn nígbà yẹn?" ni Àǹtí bi í, ó ń wo onílé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ti Bàbá Onílé ni. Wọ́n kán mi lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń fín ọ̀dà ò sí lọ́wọ́ wọn. Bàbá, bí nǹkan kan bá máa kúrò lágbàlá yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ mi. Ẹ fi igi sílẹ̀."

Onílé ò retí ìyẹn. "Níbo lo máa ti ṣiṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Onílé fọwọ́ ra orí, ó wo àwọn èèyàn, gbogbo wọn sì ń wò ó. "Bí ẹ̀rọ rẹ bá kúrò lónìí, mi ò ní fọwọ́ kan igi náà títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi fò."

Ni àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Dígí, olùgbàlà ẹyẹ!" Dígí ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ká rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ jọ. Ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Èyí tó kú, kì í ṣe àìsàn ló ṣe é. Ó ṣì ń mí nígbà tí mo gbé e nínú nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà mi ló pa á."