Ẹní Yíyọ̀ Tó Ń Ta Sánsán

Mo rántí ìgbà tí àgbọ̀n mi kọ́kọ́ gbá símẹ́ǹtì. Òwúrọ̀ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Race Course ní Kùmásì, ní Gánà, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń ṣe yóógà kí wọ́n tó lọ ṣí ọjà. Èmi nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹ ẹní tuntun mi, mo gbé ìdí sókè bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń na ara, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ní ká ṣe é. Kí n tó mí síta, ọwọ́ mi ti gba iwájú lọ, ẹsẹ̀ mi ti gba ẹ̀yìn, mo bá ara mi nílẹ̀ gbalaja. Ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Àṣáńtì, kígbe pé, "Ei! Kosɛ, Alhaji!" Bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn ní ìlú Kùmásì nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. N kò sì tíì dé Mẹ́kà rí. Fìlà orí mi ló sọ mí di Alhaji.

Ẹ̀yìn dídùn ló gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lórí ọ̀nà olókùúta, tí mo bá sì délé, mo tún máa ń ká jọ sídìí kọ̀ǹpútà títí ìròyìn á fi jáde. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì mi, n kò lè nàró mọ́. Oògùn dá mi padà sí ìdúró, ṣùgbọ́n kò dá mi padà sí ilẹ̀. Tí mo bá ń kírun, mo lè dúró, mo lè tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ bí mo bá ní kí n forí kanlẹ̀, ńṣe ni ẹ̀yìn mi máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí mo ṣe di oníjókòó ní mọ́ṣáláṣí nìyẹn. Wọ́n gbé àga fún mi.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè má mọ bí àga yẹn ṣe dùn mí tó. Bàbá mi ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ládùúgbò wa ní Dichemso. Bàbá tirẹ̀ ló ti Ìlọrin gbé Kùránì wá sí Kùmásì. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, ẹ̀yìn bàbá mi gan-an ni àyè mi, ní ìlà àkọ́kọ́. Bó bá forí kanlẹ̀, tí èmi náà forí kanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló máa ń wà níwájú orí mi. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Nílé tiwa, orí yẹn gan-an la fi ń wá ilẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ kò bá sì dé ilẹ̀ mọ́, ó dà bíi pé wọ́n ti lé e jáde nílé. Nígbà tí mo di oníjókòó, ẹlòmíràn bọ́ sí àyè mi, nítorí ìlà ìrun kì í ní àlàfo. Èmi dèrò ìpẹ̀kun ìlà, láàrin àwọn arúgbó. Ọ̀kan nínú wọn sún àga rẹ̀ fún mi, ó ní, "Káàbọ̀ o, ẹgbẹ́ mi. Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?" Èmi tí èmi àti àbíkẹ́yìn rẹ̀ jọ gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá mi tí irun orí rẹ̀ ti funfun bí òwú sì wà níwájú, ó ń forí kanlẹ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Bàbá kò bá mi wí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló kàn sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni tí kò sọ nǹkan. "Iléyá ń bọ̀," ó ní. "Orí pápá la sì ti ń kírun Iléyá. Ṣé a máa ru àga lọ sórí pápá náà ni?" N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé kí Iléyá tó dé, orí mi gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ní ẹ̀yìn bàbá mi.

Dókítà ló ní kí n máa na ara, kí n wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe yóógà. Olùkọ́ tí mo rí jẹ́ ọmọdébìnrin kan tó ti Òṣogbo wá kàwé níbí tí kò padà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó da ìbéèrè bò mí bí ẹni pé òun ni oníròyìn.

"Ta ni ẹ ń forí balẹ̀ fún níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tí à ń forí balẹ̀ fún, Bàbá. Ara la kàn ń nà."

Ó ronú sí i. "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ forí balẹ̀, ẹ kò sì tọrọ nǹkan kan? Wọ̀lláhì, ẹ ń fi nǹkan ṣòfò." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ní, "Ohunkóhun tó bá máa dá ọ padà sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i."

Ẹní tí mo rà náà lẹ́wà. Ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ó ń dán, ó ṣì ń rùn rọ́bà. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Alhaji, ẹní yìí á pẹ́ láyé jù yín lọ." Mo dúpẹ́, kí n tó ro ohun tó sọ. Lẹ́yìn ìṣubú àkọ́kọ́ yẹn, olùkọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹní tuntun bíi bàtà tuntun ni. Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, òógùn yín á kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń tẹ́ ẹ sí pálọ̀, mo máa ń gbé ìdí sókè, tí ìyá mi á máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ kókò lọ́wọ́, tí kò ní wò mí. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ mi ti ń di ẹní náà mú díẹ̀díẹ̀. Jímọ̀ ni mo máa ń sinmi nítorí ìrun. Tó bá wá di Sátidé, tí mo gbé ẹní dé Race Course níwájú àwọn obìnrin, á tún máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún burú sí i.

Ẹ̀rí wà níwájú mi, n kò rí i. Ìyá aláṣọ sọ ọ́ ní Twi lójú gbogbo ènìyàn pé ẹní mi ń ta sánsán ju ọkọ òun lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilé wa látòkè délẹ̀, òórùn kan náà ni lọ́jọ́ Jímọ̀, láti aṣọ ojú fèrèsé títí dé orí ìrọ̀rí, kí ló wá kan ẹní? Èmi tí mo máa ń gbọ́ òórùn irọ́ lẹ́nu òṣèlú láti òkèèrè, n kò gbọ́ èyí tó wà nídìí imú mi.

Ìṣubú kan wá fẹ́ yẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ mi wú. Olùkọ́ bá mi so ó, ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá kẹ́ ẹ sinmi. Kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn Iléyá." Lẹ́yìn Iléyá! Nínú ọkọ̀ tírótíró tí mo wọ̀ padà sí Dichemso, mo gbé ẹní lé orí itan, mo bínú sí i, mo bínú sí ẹni tó tà á. Nígbà tí ìbínú rọlẹ̀ ni mo wá rántí iṣẹ́ mi. Tí ọ̀rọ̀ kò bá yé oníròyìn, kì í bínú. Ó máa ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ ni.

Ìyá mi wà ní àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í bóyá ẹnì kan ń fọwọ́ kan ẹní mi.

"Ẹní èwo? Aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá ẹ ló ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá ti ń fi lọ́fíńdà olóròóró pa àwọn ẹní ìkírun lára ní Jímọ̀, ó máa ń tẹ́ tìẹ náà, á pa á dáadáa, á ká a padà. Ó tiẹ̀ ní kì í mu òróró bíi tàwọn tó kù. Ó ní ńṣe lòun máa ń fi kún un."

Mo bá bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi òróró pa ẹní mi?"

"Èmi ni. Ṣé ó kéré ni?"

"Bàbá, kì í ṣe ẹní ìkírun."

"Mo mọ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. "Ẹní tó máa dá orí ọmọ mi padà sílẹ̀, ṣé kí n fojú fò ó ni? Tí mo bá ń pa á, mo máa ń ṣàdúà sí i. Mo máa ń ní, Ọlọ́run, fi ẹní yìí mú un wálẹ̀ fún mi."

N kò lè bínú mọ́. Mo ní, "Àdúà yín gbà, Bàbá. Gbogbo Sátidé ló ń mú mi wálẹ̀." Mo fi àgbọ̀n mi hàn án. Bàbá wò ó, ó wo ọwọ́ tí wọ́n so, ó kọ́kọ́ ní "Astagafirulahi," lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀.

Mo pe olùkọ́ lórí fóònù. "Òróró kẹ̀?" ó ní bí ọmọ Gánà. "Chale, Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ dín ẹní ni? Ẹ wá iyọ̀ oníhóró, ẹ fi ha á dáadáa, ẹ ṣàn án, ẹ sá a." Bí bàbá mi ṣe gbọ́ iyọ̀, ó dìde. Lẹ́yìn gbogbo Iléyá, òun ló máa ń fi iyọ̀ pa awọ àgbò, tó máa ń sá a, tó sì máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀ fún ìkírun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ìyá mi ra iyọ̀ bọ̀ láti ọjà Asafo, a tẹ́ ẹní sí àgbàlá, bàbá ká ọwọ́ agbádá rẹ̀, ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi nítorí ọwọ́ mi tó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha òróró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà. Ìyá mi ń bu omi sí i, ó ń bú wa. "Ẹ wò wọ́n! Ọ̀kan ń da òróró sí i, ọ̀kan ń ṣubú lórí ẹ̀, èmi ni mo wá ń pọnmi." Nígbà tó gbẹ, bàbá bọ́ bàtà, ó gun orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ láti etí dé etí bí awọ àgbò. "Ẹsẹ̀ ló ń kọ́ awọ níwà," ó ní. N kò rán an létí pé rọ́bà ni.

Nígbà tí ọwọ́ mi san, mo padà sí Race Course. Mo tẹ́ ẹní. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé ìdí sókè. Mo dúró de ìṣubú, kò dé. Ẹní náà dì mí mú ṣinṣin. Òógùn ń kán láti imú mi sórí rẹ̀, ọwọ́ mi kò mì, ẹ̀yìn mi sì nà gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n tú okùn. Olùkọ́ ń pariwo, "Ẹ má sọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dúró síbẹ̀!" Ìyá aláṣọ já ìdúró tirẹ̀ sílẹ̀ láti pàtẹ́wọ́, ó ń kí mi kú iṣẹ́. "Ayekoo, Alhaji!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á. Èmi náà, tí mo dorí kodò, dáhùn bí ọmọ Kùmásì, "Yaa ei!"

Lójoojúmọ́ ni mo ń nà án lẹ́yìn ìyẹn, títí Iléyá fi dé. Ìrì ṣì wà lórí koríko pápá. Mo rìn gba iwájú àwọn oníjókòó kọjá, mo lọ dúró sẹ́yìn bàbá mi. Ọkùnrin tó wà ní àyè mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sún. Nígbà tí bàbá kábárà, tó sì lọ sílẹ̀, mo fi orúnkún tẹlẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹlẹ̀, iwájú orí mi wá kan ẹní tín-ín-rín tí mo tẹ́, ara mi gbọ́ ìtutù koríko lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi kò ké. Nígbà tí mo gbójú sókè díẹ̀, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì. Bàbá kò lè wẹ̀yìn, ìrun ló ń darí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí sàláámù, tó yí ojú sí ọ̀tún, tó wá yí i sí òsì, ojú rẹ̀ bá tèmi, ojú òsì yẹn sì pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn wáàsí, arúgbó ọjọ́sí na ọ̀pá sí mi láti orí àga rẹ̀: "Ọ̀dàlẹ̀! O já mi sílẹ̀!" Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì rí i pé àyà mi kan ilẹ̀.

Ẹní náà ti gbó báyìí. Àwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀ ti ṣí, ojú ibi tí mo ń gbọ́wọ́ lé ti rí bí ojú ọ̀nà. Bàbá mi ṣì ń fi lọ́fíńdà pa àwọn ẹní ìkírun ní gbogbo Jímọ̀, àmọ́ bó bá dé ọ̀dọ̀ ti yóógà, ńṣe ló máa ń fò ó, á ní, "Ìwọ ti ṣe iṣẹ́ tìrẹ." Igun kan wà lápá òsì tí iyọ̀ kò dé dáadáa lọ́jọ́ tí a fọ̀ ọ́. Tí mo bá dorí kodò láàárọ̀, imú mi máa ń sún mọ́ igun yẹn, òórùn àdúà bàbá mi á sì yọ wá díẹ̀. Olùkọ́ ti ní kí n tún un ha. N kò ha á.