Gbòǹgbò Ìyeyè Nínú Ojúṣàn Ìyá Ọkọ Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn ìyeyè tó pọ́n jù, tó já sínú ẹrẹ̀, tó sì ti ń kan, ibi kan ṣoṣo ló máa ń gbé mi lọ: àgbàlá ilé ọkọ mi ní Òwu, lọ́dún tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, nígbà tí omi òjò dúró sí àárín ilé wa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ìwọ náà mọ irú ilé tí mò ń wí, ọ̀rẹ́ mi. Yàrá ló yí àgbàlá ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òrùlé bẹẹrẹ sì dà sínú, tó fi jẹ́ pé gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí ilé, àárín wa ló ń bọ́ sí. Tiwa tún wá fẹ̀yìn ti àpáta, omi ara àpáta náà sì ń ṣàn wọlé wá bá wa. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ní ilé wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ní láti jáde, ìyẹn ojúṣàn, ihò kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́, tó gba abẹ́ yàrá ìyá ọkọ mi kọjá síta.

Ìyàwó tó bá kéré jù nínú ilé ló ń tọ́jú ojúṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é dòní. Àwọn ọmọ ilé kì í fọwọ́ kàn án, àwọn ìyàwó tó ṣáájú mi sì ti ṣe tiwọn tán. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí omi kọ̀ tí kò lọ, èmi ni gbogbo ojú ń wò. Mo kó ewé àti kóró ìyeyè kúrò lẹ́nu ihò náà, mo fi ọparun gígùn gún un títí apá fi ń ro mí. Omi kàn ń pòyì lójú kan ni. Aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyálé mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ṣé o jẹun láàárọ̀ báyìí?” Mo ní, “Mo jẹun yó, ìyálé mi. Ihò yìí ló jẹ àjẹkì.”

Ọmọ amọ̀kòkò ni mí, mo mọ amọ̀ bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ògiri yàrá ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ìka mi sì wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ iyán. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ògiri amọ̀ kì í sábà wó nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Yóò máa mu omi látẹsẹ̀, yóò dúró, yóò máa wò yín. Ìgbà tí oòrùn bá yọ, tí òkè gbẹ, tí ìsàlẹ̀ ṣì rọ̀, ìgbà yẹn ni yóò dà wó. Ẹni tó sì ń sùn lábẹ́ ògiri yẹn ni ìyá tó bí ọkọ mi.

Gbogbo ilé ló mọ ohun tó dí ojúṣàn, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ ni. Igi ìyeyè ńlá kan wà lẹ́yìn yàrá Ìyá, níbi tí omi ti ń jáde. Nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú àtijọ́, tí wọ́n wá tẹ̀dó sẹ́bàá àpáta yìí, ọmọkùnrin ni Ìyá kọ́kọ́ bí sínú ilé tuntun náà. Ilẹ̀ tútù ni à ń sin ibi ọmọ sí, kí ara ọmọ lè tutù, ibo ló sì tutù nínú ilé bí ẹ̀gbẹ́ ojúṣàn? Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì ri ẹ̀ka ìyeyè lé e lórí. Kò sẹ́ni tó rò ó pé gbòǹgbò náà yóò máa tọ omi lọ.

Ọmọ náà dàgbà tó ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣẹ́gi lọ́nà oko. Lọ́jọ́ kan, àwọn ajínigbé tó ń kó èèyàn tà lẹ́rú yọ sí wọn. Àwọn yòókù sá dé ilé. Òun kò dé. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, Ìyá a máa bu omi tútù sí ìdí ìyeyè, wọ́n a máa ki ọmọ wọn ní oríkì rẹ̀ bí ẹni ń jí i lójú oorun. “Bí ewé bá ti wà lórí rẹ̀, ọmọ mi wà láàyè,” ni wọ́n máa ń wí. Àbúrò ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà, ọkọ tí mi ò rí rí.

Baálé wa, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n baba ọkọ mi, wá fojú ara wọn wo ògiri náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. “Ẹ gé igi yẹn,” ni wọ́n wí. Ìyá ò ké, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n lọ jókòó sídìí ìyeyè nínú òjò tó ń wọ́n winniwinni, wọ́n fẹ̀yìn tì í. “Ẹ jẹ́ kí yàrá wó,” ni wọ́n ní. “Mo ti sùn níta rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Inú tún bí mi, nítorí pé láti àárọ̀ tí gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀ igi, kò tíì sẹ́ni tó wo inú ihò. Mo kúnlẹ̀ níwájú baálé. “Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò ná. Gbòǹgbò kan kọ́ ni igi.”

Bàbá bi mí pé, “Bí ògiri bá wó ńkọ́?”

“Kò ní wó lónìí, Bàbá. Oòrùn ò tíì yọ.”

Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n ní kí ọkọ mi tẹ̀ lé mi.

Láti ìta la ti bẹ̀rẹ̀, à ń gbẹ́ bọ̀ síhà ògiri. Ọkọ mi ń wa ilẹ̀, èmi ń fi igbá kó ẹrẹ̀, a sì ń ṣọ́ra kí irin má kan ibi tí wọ́n sin ibi ọmọ sí. Nígbà tí a ṣí òkúta orí ihò náà, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́: ibi tí òkúta méjì ti ya ara wọn díẹ̀ ni gbòǹgbò kan gbà wọlé, ó tóbi tó ọrùn ọwọ́ mi. Bó ṣe wọlé tán ló tú sí wẹ́wẹ́, ó kún inú ihò fọ́fọ́ bíi kànrìnkàn, ó sì há ẹrẹ̀ àti eérú sínú. Mo fọwọ́ fa wẹ́wẹ́ rẹ̀ já. Ìyá gbòǹgbò náà ló kù.

Ọkọ mi mú àdá dání, ó dúró. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí igi náà bá gbẹ, wọn yóò ní òun ló pa àbúrò òun. Mo ní kó gbé e wá, kí n gé e. Mo ti na ọwọ́ sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn mi. “Ẹ gbé e fún mi.”

Wọ́n ká ìró wọn dé orúnkún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé gbòǹgbò náà bí a ti ń fọwọ́ lé orí ọmọ tó ní ibà. Wọ́n ki ọmọ wọn, wọ́n wá sọ pé, “Bí o bá dé, ilé ni wàá bèèrè. O ò ní bèèrè igi.” Wọ́n sì gé e. Kò rọrùn, àdá náà ò mú tó, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn parí rẹ̀.

Omi hó, ó sì ya jáde lù wá lẹ́sẹ̀. Ó kó ewé, ó kó kóró, ó kó ìgbákọ ìyálé mi pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ wò mí bí olè láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, mo sì kí wọn kú oríire.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé ìyá mi, mo ru àwọn ìkòkò tó sán nínú iná wá. Mo lu ìdí wọn jáde, mo ti ẹnu ọ̀kan bọ ìdí èkejì láti inú àgbàlá dé ìta, mo fi amọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ wọn pinpin kí gbòǹgbò má baà ráyè mọ́. Àwọn kan ní ta ló rí irú èyí rí, kí wọ́n máa ri ìkòkò mọ́lẹ̀ fún àgbàrá. Mo ní wọ́n ti rí i báyìí.

Oòrùn yọ. Ògiri kan wó nílé tó wà nísàlẹ̀ wa. Ti Ìyá dúró. Ṣùgbọ́n ewé ìyeyè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń já, títí orí igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà òjò gan-an. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ìyeyè kì í ṣe igi tó ń tètè kú. Ìyá ṣáà ń bu omi sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n pè mí jáde. “Ìyàwó, wá wò ó.” Ewé wẹ́wẹ́ ti rú lórí ẹ̀ka. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, mo sì sunkún.

Láwọn ọdún yẹn, àwọn tí wọ́n ti tà sókè òkun ń ti Sàró bọ̀ wálé. Nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé àwọn kan dé, Ìyá á lọ wo ojú wọn. Ọmọ wọn ò sí níbẹ̀. Inú yàrá wọn ni Ìyá kú sí, nígbà òjò, láàárín ògiri tó gbẹ. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ gbọ́ omi bó ṣe ń gba abẹ́ wọn kọjá. “Ó ń lọ,” ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà náà, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gba ilé là, mo sì fi ń yangàn. Iṣẹ́ náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ju ọ̀rọ̀ ojúṣàn lọ: ẹni tó ń retí èèyàn kò gbọ́dọ̀ jókòó sídìí igi kí ilé wó lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mò ń bu omi sí ìdí ìyeyè báyìí. Ìyàwó wa tó kéré jù ló ń tọ́jú ojúṣàn, mo sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láràárọ̀, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Kó máa wí. Bí ọkọ mi tí mi ò rí rí bá wọlé lónìí, bó ti wù kó ti darúgbó tó, ògiri ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tí yóò fẹ̀yìn tì.